Ayétòrò: ìlú tí àgbájọ ọwọ́ kọ́, òkun ń gbé e lọ

Gbogbo ẹni tó bá ti gba Òrè kọjá rí ló mọ̀ pé Òrè kì í sùn. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Benin, ọkọ̀ tó ń ti Ìlà-Oòrùn bọ̀ wá sí Èkó, ibẹ̀ ni èrò ti ń sọ̀ jẹun, ibẹ̀ ni dírẹ́bà ti ń na ẹsẹ̀. Àwọn àgbà kò sì tíì gbàgbé oṣù August ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé dé ibẹ̀, tí "ìjà Òrè, ó le kú" fi di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé-tàgbà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ìjà yẹn ti parí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà ní Òrè tí èrò Èkó àti Benin kì í yà sí. Ọ̀nà náà dorí kọ gúúsù, ó gba Òkìtìpupa, ó dé Igbókòdá, níbi tí ilẹ̀ ti ń tán lọ tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí, ìjà mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí sójà. Òkun ló ń bá èèyàn jà, òkun ló sì ń borí.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ ní ọjà Òrè àti Odígbó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀nà yìí ni edé, ṣáwá, ọ̀bọ̀kún àti alákàn ń gbà gòkè wá bá yín. Ẹ̀yin kápẹ́ńtà àti onípákó, ó kan ẹ̀yin náà. Pákó tí wọ́n là nínú igbó apá òkè ni àwọn ará ìsàlẹ̀ omi fi ń kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀nà. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó lókìkí ju gbogbo wọn lọ. Ayétòrò ni wọ́n ń pè é. Ìlú náà ń tán lọ.

OMI NI Ọ̀NÀ, PÁKÓ NI ÌGBORO

Kí èèyàn tó ti Òrè dé Ayétòrò, yóò wọ mọ́tò dé Igbókòdá, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Èbúté ni yóò sọ̀ sí. Níbẹ̀ ni yóò ti rí àwọn ìyá tó ń ná edé lápẹ̀rẹ̀-lápẹ̀rẹ̀, tí alábàárù ń sáré, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń pariwo. Yóò wá wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ á máa gba àárín koríko irà àti igi ẹ̀gbà lọ, títí omi yóò fi yí àwọ̀ padà, tí atẹ́gùn oníyọ̀ yóò máa fẹ́ síni lójú. Nígbà tí èèyàn bá ń gbọ́ ìró ìgbì bí ẹni ń lu ìlù láti ọ̀nà jíjìn, Ayétòrò ti dé tán nìyẹn.

Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí níbẹ̀. Pákó ni wọ́n tẹ́ láti ilé kan sí èkejì gẹ́gẹ́ bí ojú pópó, nítorí pé ẹrẹ̀ ni abẹ́ rẹ̀, irà sì ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọdé ibẹ̀ mọ ọkọ̀ í wà kí ó tó mọ kẹ̀kẹ́ í gùn. Oúnjẹ wọn ni púpurù, tí àwọn ará Ìkálẹ̀ náà mọ̀ dáadáa, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja tútù ń yọ orí nínú rẹ̀. Wọ́n sọ ìlú náà ní Happy City, ìlú aláyọ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn nígbà tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÍ WỌ́N LÉ KÚRÒ NÍLÉ

Ọjọ́ 12 oṣù January ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó kì í ṣe ọmọ aládé tó ń wá ilẹ̀ tí yóò jọba lé lórí. Apẹja ni wọ́n, ọmọ Ìlàjẹ, onígbàgbọ́ tó ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tí wọ́n wá ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Wọ́n lòdì sí pípa ìbejì, wọ́n lòdì sí ìbọ, wọn kì í sì í fi bò. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń sọ òtítọ́ kò lè ṣe aláìní ọ̀tá. Inú bí àwọn alágbára ìgbà náà, wọ́n fi ìyà jẹ wọ́n, ara sì ni wọ́n débi pé wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ibi tí wọ́n lọ kò wu ẹnikẹ́ni. Òkun ló wà níwájú, irà ló wà lẹ́yìn, ẹrẹ̀ ló wà láàárín. Bóyá nítorí pé kò wu ẹnikẹ́ni gan-an ni wọ́n fi rí ibẹ̀ gbà. Wọ́n kan òpó mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n tẹ́ pákó, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Ayétòrò. Ẹni tí ayé kò tòrò fún níbi tó ti wá ló máa ń sọ ìlú rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

ÀPÒ KAN ṢOṢO

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló sọ wọ́n di olókìkí. Wọ́n ní kí onikálukú má ní àpò ara rẹ̀ mọ́. Ẹja tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Owó tí wọ́n bá ta á, inú àpò kan ṣoṣo ló ń wọ̀. Ìlú ló ń fún kálukú ní oúnjẹ, ìlú ló ń fún un ní aṣọ, ìlú ló ń fún un ní ilé. Ìhà kan wà fún ọkùnrin, ìhà kan wà fún obìnrin, iṣẹ́ sì wà fún gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ méjì.

Ẹ̀yin télọ̀ àti oníbàtà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ rò ó wò ná. Oníbàárà kan kò ní í jẹ yín ní gbèsè láéláé, ẹnì kan kò sì ní í sọ fún yín pé kí ẹ pada wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò ní í gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ Ayétòrò ṣe ń ránṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàtà ibẹ̀ ṣe ń rán bàtà, tí ahunṣọ ń hun, tí oníbúrẹ́dì ń yan búrẹ́dì, tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń kàn án. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ fún gbogbo ìlú. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá.

Ní ọdún 1953, wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n tan iná mànàmáná. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún méje ṣáájú òmìnira Nàìjíríà nìyẹn. Àtùpà ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tàn nígbà náà, àwọn apẹja tí wọ́n lé kúrò nílé wá ń gbé nínú ìmọ́lẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ìjọba kọ́ ló fà á fún wọn. Owó ẹja ni. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ló lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láìsí iná ìjọba, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni ẹni tó bá lówó ń gbọ́kàn lé. Àwọn àgbà Ayétòrò tó bá rántí 1953 á kàn máa mi orí ni.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin o. Ìlànà ìlú náà le. Kì í ṣe ohun kékeré fún ìyá pé kí ìlú máa tọ́ ọmọ rẹ̀, kì í sì í rọrùn fún ọ̀dọ́ pé kí ó ṣiṣẹ́ kó má rí owó rẹ̀ sójú. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá dúró gírí nínú ìgbàgbọ́ náà kò ní í kú. Ikú wá, ó mú àwọn èèyàn lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe níbi gbogbo. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 sì ń parí lọ, ìlú náà gbà pé kí kálukú máa ṣe òwò tirẹ̀. Àpò kan ṣoṣo di àpò púpọ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Canada kan, Stanley Barrett, tó bá wọn gbé láti kọ́ nípa wọn, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1977 lórí bí ìlú náà ṣe dìde àti bí ó ṣe ṣubú.

Ìṣubú tí ìwé náà ń sọ, ìṣubú àjọjẹ ni. Ẹnikẹ́ni kò tíì máa rò ó nígbà náà pé ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé gan-an ló máa lọ.

OMI KÌ Í KAN ILẸ̀KÙN

Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni òkun ti gbájú mọ́ Ayétòrò. Kì í ṣe pé ó dé lọ́jọ́ kan bí olè. Ó kọ́kọ́ mú etíkun níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ó mú ibi tí àwọn apẹja ń fa ọkọ̀ sí. Ó mú ìlà ilé àkọ́kọ́, àwọn tó ni ilé náà sì sún sẹ́yìn. Ó mú ìlà kejì. Ilé ẹ̀kọ́ lọ, ilé ìwòsàn lọ, àwọn ilé iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ń yangàn náà lọ. Ilé ìsìn pàápàá, tí í ṣe ọkàn ìlú náà, wọ́n ti gbé e sá fún omi. Ibojì àwọn tó tẹ ìlú dó kò ṣẹ́kù lẹ́yìn. Ẹni tó ti sùn, òkun kò jẹ́ kó sinmi.

Olusegun Dada, onímọ̀ nípa òkun ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ti fi àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti ojú ọ̀run wo etíkun náà láti ọdún yìí sí ọdún yẹn. Ohun tó sọ fún àwọn oníròyìn ní ọdún 2024 ni pé ilẹ̀ tí Ayétòrò ti pàdánù lé ní kìlómítà 10 níbùú lóròó, ìyẹn bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọgbọ̀n ọdún. Kí ó lè yé wa dáadáa, ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò gba pápá bọ́ọ̀lù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Tí èèyàn bá ní iyàrá márùn-ún, mẹ́ta ti lọ nínú rẹ̀, ìdílé sì ń fún ara wọn mọ́ inú méjì tó kù.

Ẹni tó bá ń gbé lókè ilẹ̀ lè máa rò pé òkun máa ń dúró de ọ̀sán. Rárá o. Nígbà tí òṣùpá bá kún tí atẹ́gùn sì bá fẹ́, òru ló sábà máa ń wọlé. Omi kì í kan ilẹ̀kùn. Ìyá á gbé ọmọ sẹ́yìn, á fa èkejì lọ́wọ́, á máa wò ó bí ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì àti ẹja tó ti yan sílẹ̀ de ọjà ṣe ń léfòó jáde. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, omi á pa iná rẹ̀. Igi ìdáná á tutù. Ẹ̀yin tó ń ta ẹja gbígbẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: òwò ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló bá omi lọ yẹn, gbèsè àwọ̀n àti ti epo ẹ́ńjìnnì sì wà ní orí. Lẹ́yìn tí omi bá fà sẹ́yìn tán, iyọ̀ á wà nínú omi tí wọ́n ń pọn. Wọn á wà láàárín omi títí, omi mímu á wọ́n wọn.

KÍ LÓ BÍ ÒKUN NÍNÚ?

Àwọn kan á ní àwọn òrìṣà òkun ló ń bínú. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ.

Èkíní ni irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ní apá Aráròmí tó jẹ́ etí òkun Ìlàjẹ náà, iyanrìn wà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń lọ sí apá ìlà-oòrùn, iyanrìn ń dínkù, ẹrẹ̀ ló kù. Ẹ fi bu omi sí iyanrìn àti sí ẹrẹ̀ wò. Iyanrìn á rì, á dúró sísàlẹ̀, ìgbì tó gbé e lọ lónìí lè gbé e padà wá lọ́la. Ẹrẹ̀ á yòrò, á bá omi lọ, ó di gbéré. Ẹrẹ̀ sì tún máa ń jókòó fúnra rẹ̀, ó ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n dà sínú àpò.

Èkejì ni pé òkun fúnra rẹ̀ ń ga sí i ní gbogbo àgbáyé. Èéfín epo àti èédú tí ayé ń sun ti mú kí ayé gbóná. Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀, yìnyín ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun ayé náà sì ń yọ́ sínú òkun. Láàárín 1901 sí 2018, òkun ayé ga tó bí ogún sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó kọ́lé sórí òkè kò ní í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ, ogún sẹ̀ǹtímítà tó láti gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àwọn ará Ayétòrò kọ́ ló sun epo yẹn jù. Àwọn ló wá ń sanwó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni epo rọ̀bì. Epo wà ní ojú òkun Ìlàjẹ, òun ló mú kí wọ́n ka ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Ipadò tí wọ́n gbẹ́ káàkiri irà náà kí ọkọ̀ elépo lè rí ọ̀nà gbà ti jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú omi dídùn. Igi ẹ̀gbà tí ń di ilẹ̀ mú pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ ti kú lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn èèyàn sì gé òmíràn fi dáná. Àwọn onímọ̀ tún ní fífa epo àti omi láti abẹ́ ilẹ̀ lè mú kí ilẹ̀ yára rì. Ní ọdún 2020, kànga epo kan tí ń jẹ́ Ororo gbaná lójú òkun nítòsí Àwóyè, tí kò jìnnà sí Ayétòrò, ó sì ń jó fún ọdún mélòó kan láìsí ẹni tó pa á. Apẹja á máa wò ó lóru bí ẹni pé oòrùn kọ̀ tí kò wọ̀.

OWÓ JÁDE, ÒKÚTA KÒ DÉ

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ayétòrò kò dákẹ́. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n rán aṣojú, wọ́n pe àwọn oníròyìn. Àjọ NDDC tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 fún ìdàgbàsókè àwọn àgbègbè tí epo ti ń jáde gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní ọdún 2004, wọ́n gbé iṣẹ́ fún kọngílá kan láti dáàbò bo etíkun náà. Owó tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde lórí iṣẹ́ yẹn lé ní bílíọ̀nù 2 náírà. Iṣẹ́ kò ṣe. Wọ́n tún un gbé fún ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọdún 2009, owó náà sì ti di bílíọ̀nù 6 àti ààbọ̀. Orí bébà ni ògiri náà wà títí di òní. Ògiri orí bébà kò sì dá ìgbì dúró rí.

Ní ọdún 2024, omi ya wọ ìlú léraléra. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà jáde, wọ́n gbé páálí dání, wọ́n ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n gba àwọn kí àwọn tó tán. Gómìnà tó gorí àga ní oṣù December ọdún 2023, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Òbè-Ńlá ní Ìlàjẹ gan-an ni. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ ní Àkúrẹ́ pé òun kò mọ bí omi ṣe ń rí níbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn sì ń wò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Òkúta ni wọ́n ń wò, bóyá yóò dé.

Ẹ WO KETA, Ẹ WO ÈKÓ

Àwọn kan ń sọ pé kò sí bí wọ́n ṣe lè bá òkun jà. Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Ìlú kan wà ní orílẹ̀-èdè Ghana, ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Togo, tí ń jẹ́ Keta. Ìlú oníṣòwò àti apẹja ni, bí tiwa. Àwọn ará Denmark kọ́ ilé olódi kan síbẹ̀ ní ọdún 1784. Òkun jẹ ìlú náà títí, ó jẹ apá kan ilé olódi yẹn pàápàá, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá. Ìjọba Ghana yá owó, wọ́n kó òkúta ńlá wá, wọ́n to ó wọ inú òkun, wọ́n kó iyanrìn di ilẹ̀ padà, wọ́n sì fún àwọn tí omi ti lé ní ibi tí wọ́n á kọ́lé sí. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2004. Ẹ rántí ọdún yẹn. Ọdún tí Keta parí tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ buwọ́ lu ti Ayétòrò.

Ní Èkó, ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ mọ bí òkun ṣe ń da omi sí títì ní Bar Beach, tí àwọn olówó Victoria Island ń kó ẹrù gòkè. Lónìí, ògiri tí wọ́n fi kọnkéré ńlá-ńlá ṣe ló wà níwájú Eko Atlantic, omi sì ń fi orí gbá a. A kò sọ pé Ayétòrò àti Èkó jọra. Ilẹ̀ iyanrìn kì í ṣe ilẹ̀ ẹrẹ̀, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀, àwọn onímọ̀ ní láti yẹ ilẹ̀ wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó da òkúta sí i, kó má lọ jẹ́ pé ẹrẹ̀ á gbé òkúta mì. Ṣùgbọ́n níbi tí owó wà, ògiri dìde. Níbi tí edé wà, bébà ló dé.

KÍ LÓ WÁ KAN ÒRÈ ÀTI ODÍGBÓ?

Ẹnì kan lè ní, àwa tó wà lókè ilẹ̀ ńkọ́, òkun kò lè dé Òrè láé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí òkun lé lè dé Òrè. Ìlàjẹ ti máa ń rìn tẹ́lẹ̀. Wọ́n wà ní Mákòkó àti ní Bàríga l'Ékòó, wọ́n ń pẹja láti etíkun kan dé èkejì. Nígbà yẹn, wọ́n ń lọ torí ẹja, wọ́n sì ń padà wálé ọdún. Èyí tó ń lọ nísinsìnyí kò nílé tí yóò padà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ àwọ̀n í sọ kò mọ ọkọ́ í dì mú, igbó kòkó Odígbó kò sì lè gba gbogbo wọn.

Ẹ tún wo ọjà. Edé kì í rìn fúnra rẹ̀ gòkè wá. Ẹnì kan ló ń kó o, obìnrin kan ló ń sá a, tí ó ń yan ẹja, tí ó ń dì í sí apẹ̀rẹ̀, tí ó ń gbé e kọjá omi. Bí ààrò rẹ̀ bá rì, ọwọ́n edé tí ẹ̀ ń bú àwọn alágbàtà fún ní Òrè, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Odò Olúwa tó gba Agbábù kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ìsàlẹ̀ yẹn kan náà ló ń ṣàn lọ. Omi kan náà ló so wá pọ̀, ọ̀nà kan náà ló so ọjà wa pọ̀.

Ó yẹ ká sọ ọ̀kan tó kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi àwọn ará Ayétòrò pé, kí ló dé tí ẹ kò kó kúrò? Ìbéèrè yẹn rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò tíì sá rí. Àwọn baba wọn ti sá lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 1947. Wọ́n sá dé ibi tí ilẹ̀ parí sí, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ ẹrẹ̀ di ìlú, wọ́n tan iná síbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó mọ ohun tí ń jẹ́ iná. Tí ìjọba bá fẹ́ kí wọ́n kó, ẹ fi ilẹ̀ tí wọ́n máa kó lọ hàn wọ́n, kó jẹ́ ibi tí apẹja ti lè rí omi. Tí ó bá sì fẹ́ kí wọ́n dúró, ẹ jẹ́ kí òkúta dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kó lọ, kí òkúta má dé, kí ọdún sì máa yí lu ọdún, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi ìlú náà fún òkun láìsọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọ̀wọ̀ kan kò gbé igbá dé orí. Ayétòrò ti gbé ọwọ́ tirẹ̀ wá láti ọjọ́ 12 oṣù January ọdún 1947. Àwọn tó jẹ edé wọn, tí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé nítorí wọn, ni kò tíì gbé ọwọ́ tiwọn wá.